Òkúta Kílò Mẹ́rìndínlógún àti Ẹyin Mẹ́ta: Bí Ìwádìí Ilẹ̀ Yìnyín Ṣe Di Ìwé

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn àwọn tí ó wá ìmọ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ayé, ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn padà gúnlẹ̀ sílé ni àwọn òpìtàn sábà máa ń fi ìdí ìtàn náà tì sí. Wọn a sọ bí òtútù ti mú tó, wọn a ka iye ẹni tí ó kú, wọn a sì kan sáárá sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ri àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kí ni ó wá gbẹ̀yìn àwọn àpótí tí wọ́n kó bọ̀? Òkúta kò lẹ́nu. Ẹja tí ó wà nínú ìgò ọtí kò lè sọ ibi tí àwọ̀n ti kó o. Àyàfi bí onímọ̀ kan bá jókòó tì wọ́n, tí ó yẹ̀ wọ́n wò, tí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, tí olóòtú yẹ ìwé náà wò, tí ilé ìtẹ̀wé sì tẹ̀ ẹ́ fún aráyé kà, bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò débẹ̀ rí ni ó rí. Iṣẹ́ yìí kò ní ìlù, kò ní ijó, ó sì máa ń gùn ju ìrìn àjò fúnra rẹ̀ lọ. Mẹ́ta nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbéra láti ilẹ̀ Bìrìtìkó láàrin ọdún 1872 àti ọdún 1910, ni a ó fi wo ọ̀rọ̀ náà: ti ọkọ̀ Challenger, ti ọkọ̀ Scotia, àti ti ọkọ̀ Terra Nova.

Challenger ni baba gbogbo wọn. Ọkọ̀ ogun ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn ìbọn ńlá rẹ̀ kúrò kí àyè lè gba yàrá ìwádìí, okùn gígùn àti àwọ̀n. Ó kúrò ní Portsmouth ní oṣù kejìlá ọdún 1872, ó sì padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù karùn-ún ọdún 1876. Ó rin 68,890 máìlì lórí òkun, ó sì dúró ní ibi 362 láti wọn bí omi ti jìn tó, láti mọ bí omi ìsàlẹ̀ ti tutù tó, àti láti fi àwọ̀n wọ́ ìsàlẹ̀ òkun kó ohunkóhun tí ó bá wà níbẹ̀. Charles Wyville Thomson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Edinburgh, ni olórí àwọn onímọ̀ inú ọkọ̀ náà. John Murray wà lára àwọn tí ó ń ràn án lọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1873 ni wọ́n yà sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ìlú tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, tí òmìnira ẹrú kò sì débẹ̀ títí di ọdún 1888. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjá lọ sí ìhà gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì kọrí sí ibi tí yìnyín wà.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì ọdún 1874, Challenger di ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí ó kọjá ìlà Antarctic. Àwọn inú ọkọ̀ náà kò fi ojú rí ilẹ̀ kankan níbẹ̀. Omi ni wọ́n rí, pẹ̀lú àwọn òkè yìnyín tí ń léfòó. Àwọ̀n wọn ni ó rí ilẹ̀ bá wọn, nítorí ó kó akọ òkúta àti òkúta iyanrìn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í ti ara erékùṣù tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde láàrin òkun wá. Ara àgbáńlá ilẹ̀ ni ó ti ń wá. Murray wá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní yìnyín tí ó ń ṣàn bọ̀ láti orí ilẹ̀ ni ó gbé àwọn òkúta náà dání wọ inú òkun, ìgbà tí yìnyín sì yọ́ ni wọ́n rì. Òkúta abẹ́ omi yìí wà lára ohun tí ó fi ṣe ẹ̀rí nígbà tí ó sọ fún àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1893 pé àgbáńlá ilẹ̀ kan wà lábẹ́ yìnyín gúúsù, tí ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n rán ọkọ̀ lọ wá a rí.

Bí Challenger ti dé ni ìjà dé. Ta ni yóò yẹ àwọn ohun tí wọ́n kó bọ̀ wò? Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kó wọn, kí ló dé tí a ó fi kó wọn fún àjèjì? Èrò ti Thomson yàtọ̀. Ó ní ẹni tí ó bá mọ irú ẹ̀dá kan jù lọ ni kí a fi irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí, ibi yòówù kí ó máa gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe. Alexander Agassiz gba tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Alphonse Renard ará Bẹ́ljíọ̀mù ni ó bá Murray kọ ìwé lórí ẹrẹ̀ àti òkúta ìsàlẹ̀ òkun, èyí tí ó jáde ní ọdún 1891. Ernst Haeckel ní ilẹ̀ Jámánì ni ó gba àwọn ẹ̀dá wínníwínní kan tí wọ́n ń pè ní radiolaria, tí egungun wọn dà bí dígí tí a fi ọwọ́ hun. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni Haeckel fi wà lórí wọn. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1887, ó ṣe àlàyé irú ẹ̀dá tí ó lé ní 3,500 tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ojú ìwé àwòrán 140. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ Haeckel yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún jẹ yọ níwájú.

Ilé Ìṣúra ìjọba ni ó ń san owó ìtẹ̀wé, kò sì pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé iṣẹ́ náà ń pẹ́ jù. Wàhálà ìwé yìí àti àìsàn pa pọ̀ mú Thomson balẹ̀. Ó kú ní ọdún 1882 nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdìpọ̀ kò tíì rí ojú ọ̀run. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Murray gba iṣẹ́ náà, kò sì sinmi títí tí ìdìpọ̀ tí ó kẹ́yìn fi jáde ní ọdún 1895. Àádọ́ta ìdìpọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìrìn àjò ọdún mẹ́ta ààbọ̀ gba ọdún mọ́kàndínlógún kí ó tó di ìwé tán. Irú ẹ̀dá inú òkun tí ó lé ní 4,000 ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ wọ inú ìmọ̀ ènìyàn. Bí Murray bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀, inú ìgò ni púpọ̀ nínú wọn ì bá wà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá Murray ṣe iṣẹ́ lórí ẹrù Challenger ní Edinburgh ni William Speirs Bruce. Nígbà tí ó tó àkókò tirẹ̀, ó rí owó gbà lọ́wọ́ ìdílé Coats, àwọn tí ń ṣe òwú ìránṣọ ní Paisley, ó sì kó àwọn ará Scotland lọ sí òkun Weddell nínú ọkọ̀ Scotia láàrin ọdún 1902 àti 1904. Ní ti iṣẹ́ ìwádìí inú òkun, a lè sọ láìṣègbè pé díẹ̀ ni ìrìn àjò ìgbà náà tí ó ṣe dáadáa tó o. Kò sí ẹni tí ó kú sínú yìnyín lọ́nà tí ìwé ìròyìn fi lè pariwo. Bóyá ìdí nìyẹn tí orúkọ Bruce kò fi tàn ká. Bruce dá ibùdó ìwádìí òkun sílẹ̀ ní Edinburgh ní ọdún 1906 láti máa tọ́jú ohun tí wọ́n kó bọ̀ àti láti máa ṣètò ìwé títẹ̀. Ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde rí ìmọ́lẹ̀ ní ọdún 1907, èyí tí ó kẹ́yìn sì jáde ní ọdún 1920. Láàrin ìgbà náà, owó ń tán lọ. Wọ́n ti ibùdó náà pa ní ọdún 1919. Bruce fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1921, àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ìrìn àjò náà, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìdìpọ̀ kìn-ín-ní, ṣì wà ní ìwé àfọwọ́kọ. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba: ọdún 1992 ni àkọsílẹ̀ náà tó di ìwé títẹ̀, ọdún 71 lẹ́yìn tí ẹni tí ó ni ín ti wọlẹ̀.

Terra Nova ni gbogbo ayé mọ̀ jù nínú àwọn mẹ́ta yìí, ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Èyí tí ó wà lẹ́nu ayé ni pé Robert Falcon Scott àti àwọn mẹ́rin kan fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìpẹ̀kun Gúúsù ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1912, pé wọ́n bá àsíá Norway níbẹ̀ nítorí Roald Amundsen ti ṣáájú wọn débẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá ọdún 1911, àti pé àwọn márààrún kú ní ojú ọ̀nà àbọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni eré ìje yẹn jẹ́ nínú iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà bá jáde ní ọdún 1910. Griffith Taylor, Frank Debenham àti Raymond Priestley lọ nítorí òkúta àti ilẹ̀. Charles Wright lọ nítorí yìnyín. Edward Nelson àti Dennis Lillie lọ nítorí ohun abẹ̀mí inú òkun. Lillie kì í tilẹ̀ í sábà kúrò nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin New Zealand àti ilẹ̀ yìnyín ni ó ń fi àwọ̀n kó tirẹ̀ jọ. Edward Wilson, oníṣègùn, ayàwòrán àti onímọ̀ nípa ẹyẹ, ni olórí gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ẹyin ṣáájú, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ẹyẹ kan wà ní Antarctica tí wọ́n ń pè ní pẹ́ńgúìnì. Kì í fò, ṣùgbọ́n ó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní emperor, máa ń yé ẹyin rẹ̀ sórí yìnyín nígbà tí òtútù bá mú jù lọ, nínú òkùnkùn tí oòrùn kì í yọ rárá. Lẹ́yìn ìrìn àjò kan tí Wilson ti bá Scott lọ ṣáájú, ó kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1907 pé ó yẹ kí a rí ọlẹ̀ inú ẹyin yìí gbà. Ohun tí ó gbé èrò náà wá ni ìmọ̀ràn Haeckel, ẹni tí a ti mẹ́nu kàn lókè, pé bí ọlẹ̀ ti ń dàgbà ni ó ń tún ọ̀nà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ tọ̀ tọ̀ ní kúkúrú. Àwọn onímọ̀ kan sì rò nígbà náà pé pẹ́ńgúìnì wà lára àwọn ẹyẹ tí ó ti pẹ́ jù lọ láyé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọlẹ̀ rẹ̀ lè fi hàn bí ìpẹ́ ara ẹranko afàyàfà ṣe di ìyẹ́ lára ẹyẹ.

Nítorí ìbéèrè yìí ni Wilson, Henry Bowers àti Apsley Cherry-Garrard fi kúrò ní ilé wọn ní Cape Evans ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1911, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa ọmọlanke aláìlẹ́sẹ̀, irú èyí tí ń yọ̀ lórí yìnyín, lọ sí Cape Crozier. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n lò lọ bọ̀. Òtútù náà kọjá ìwọ̀n Celsius 60 lábẹ́ òdo. Cherry-Garrard kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé eyín òun gbọ̀n títí ó fi fọ́. Ìjì gbé àgọ́ wọn lọ, wọ́n sì dùbúlẹ̀ nínú yìnyín, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń retí ikú, kí ìjì náà tó rọlẹ̀ tí wọ́n sì rí àgọ́ náà he. Ẹyin márùn-ún ni wọ́n rí mú. Méjì fọ́ lójú ọ̀nà. Mẹ́ta dé ilé.

Ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ òkúta ṣẹlẹ̀. Wilson àti Bowers wà lára àwọn márùn-ún tí ó ń ti Ìpẹ̀kun Gúúsù bọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí odò yìnyín tí wọ́n ń pè ní Beardmore, wọ́n yà sí ìdí òkè kan tí ó mú òkúta iyanrìn àti èédú inú ilẹ̀ dání, irú èédú tí a mọ̀ mọ́ Enugu nílẹ̀ wa. Ebi ti ń pa wọ́n, ọ̀kan nínú wọn, Edgar Evans, kò sì ní pé ọjọ́ mẹ́wàá mọ́ láyé. Síbẹ̀ wọ́n lo ìyókù ọjọ́ náà láti ṣa òkúta. Wilson rí ewé nínú wọn, ewé tí ó ti di òkúta, tí iṣan ara rẹ̀ ṣì hàn kedere. Wọ́n di wọ́n sórí ọmọlanke. Evans kú, Lawrence Oates kú, àwọn mẹ́ta yòókù kò já òkúta náà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn tí Edward Atkinson kó wá wọn lọ rí àgọ́ wọn ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1912, wọ́n bá òkúta pọ́n-ùn 35, tí í ṣe nǹkan bíi kílò 16, lẹ́bàá òkú Scott, Wilson àti Bowers.

Àwọn kan ti sọ pé òkúta yìí ni ó pa wọ́n, pé ẹni tí ń kú lọ kò gbọdọ̀ máa ru òkúta. Ẹ̀jọ́ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ebi, òtútù tí ó mú ju bí wọ́n ti rò lọ, ẹsẹ̀ Oates tí yìnyín ti jẹ, àti ìjì tí ó sé wọn mọ́ àgọ́ nígbà tí oúnjẹ ku máìlì 11 péré síwájú wọn, ìwọ̀nyí tó ohun tí ń pa ènìyàn. Ọmọlanke wọn fúnra rẹ̀ wúwo. Kílò 16 kọ́ ni ìbá yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ìyè. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni bóyá ohun tí wọ́n rù tó ohun tí à ń rù.

Ìwé ni ó dáhùn ìbéèrè yẹn. Albert Charles Seward, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ewéko ní Yunifásítì Cambridge, ni wọ́n fi ewé òkúta náà lé lọ́wọ́. Kò fi falẹ̀. Ní ọdún 1914, èyí tí kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n rí àgọ́ náà, ìwé rẹ̀ ti jáde láti ọ̀dọ̀ British Museum. Ó ní Glossopteris ni ewé náà, igi kan tí ó ti kú run láti ohun tí ó lé ní 250 mílíọ̀nù ọdún, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì sì jẹ mọ́ ahọ́n nítorí bí ewé rẹ̀ ti rí. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn pé igbó wà rí níbi tí yìnyín nìkan wà báyìí. Ṣùgbọ́n ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé kan náà yìí ni wọ́n ti rí nínú òkúta ilẹ̀ India, ti gúúsù Áfíríkà, ti Australia àti ti gúúsù Amẹ́ríkà. Báwo ni igi kan ṣe la òkun tó bẹ́ẹ̀ kọjá? Eduard Suess ará Austria ti sọ ṣáájú pé àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí so pọ̀ rí, ó sì ti sọ ilẹ̀ náà ní Gondwana. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1912 gan-an, oṣù tí Scott dé Ìpẹ̀kun Gúúsù, ni Alfred Wegener dìde ní ilẹ̀ Jámánì tí ó ní ilẹ̀ ń rìn, pé ńṣe ni àwọn àgbáńlá ilẹ̀ ya kúrò lára ara wọn. Òkúta Wilson wá di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí pé Antarctica wà nínú agbo ilé kan náà.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi Wegener ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì kú ní ọdún 1930 láìrí i kí wọ́n gbà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Edwin Colbert rí egungun Lystrosaurus, ẹranko àtijọ́ tí a ti mọ̀ ní gúúsù Áfíríkà àti ní India, ní Antarctica ní ọdún 1969, àríyànjiyàn ti ń tán nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí máàpù ayé yóò rí i bí etíkun tiwa níhìn-ín ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Brazil mu bí ìdajì obì tí a là. Ilẹ̀ tí Èkó wà lórí rẹ̀ àti èyí tí Bahia wà lórí rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ kan náà nígbà tí Glossopteris ń wu ewé.

Ẹyin mẹ́ta ńkọ́? Wilson tí ó mọ ìbéèrè náà jù lọ ti kú. Bowers ti kú. Cherry-Garrard, tí kì í ṣe onímọ̀ nípa ẹyẹ, ni ó gbé wọn lọ sí British Museum, ẹ̀ka ti South Kensington, ní ọdún 1913. Nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1922, ó ní ẹni tí òun bá níbẹ̀ kò ka òun sí, pé òun jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí kí òun tó rí ìwé ẹ̀rí gbà pé wọ́n ti gba ẹyin náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kò yẹ kí a gbé gbogbo ẹ̀bi ka orí akọ̀wé kan. Ohun tí ó ṣe ẹyin náà ju ìwọ̀sí lọ. Richard Assheton, onímọ̀ nípa ọlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fún, kú ní ọdún 1915 láìparí iṣẹ́. Wọ́n gbé wọn fún James Cossar Ewart ní Edinburgh. Òun kọ ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ ìyẹ́ àti ìpẹ́, Cherry-Garrard sì fi í sẹ́yìn ìwé ti ọdún 1922 náà. Ìròyìn tí ó kún tó kò tíì jáde.

Ogun àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914 dá ọ̀pọ̀ nǹkan dúró. Àwọn tí ó yẹ kí ó máa kọ ìwé wọ aṣọ ogun. Priestley àti Wright lọ sójú ogun, wọ́n sì bọ̀ kí ìwé ńlá wọn lórí yìnyín tó jáde ní ọdún 1922. Wọ́n ṣe Debenham léṣe lójú ogun ní Salonika. Láti inú owó tí àwọn ènìyàn dá nítorí ikú Scott ni wọ́n ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún ìwé títẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí ohun tí ó ṣe Bruce ṣe wọ́n. Debenham ni ó rí àléébù tí ó wà nínú gbogbo ètò náà: bí ìrìn àjò kan bá ti tú ká, ìwé àfọwọ́kọ, máàpù àti àpótí òkúta a fọ́n sí ọwọ́ onílé kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá tún ń lọ síbẹ̀ kò sì ní mọ ohun tí ẹni ìṣáájú ti rí. Ó gba ìyókù owó náà, wọ́n sì dá Scott Polar Research Institute sílẹ̀ ní Cambridge ní ọdún 1920 láti máa kó wọn pa mọ́ sí ojú kan. Ní ọdún 1931 ni ilé ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Polar Record, tí ó ṣì ń jáde títí di òní, tí onímọ̀ òkúta, onímọ̀ yìnyín àti onímọ̀ ohun abẹ̀mí inú òkun lè gbé iṣẹ́ wọn fún láìdúró de ìdìpọ̀ ńláńlá tí Ilé Ìṣúra yóò kùn sí.

Ìròyìn ẹyin mẹ́ta náà kò bá ọ̀nà tuntun yìí wá. Inú ọ̀wọ́ ìwé àtijọ́ ti Terra Nova ni ó ti jáde láti British Museum ní ọdún 1934, láti ọwọ́ C. W. Parsons. Ohun tí ó kọ kò dùn mọ́ni: ó ní ẹyin náà kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún ohun tí a mọ̀ nípa ọlẹ̀ pẹ́ńgúìnì. Nígbà náà, àwọn onímọ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí ìmọ̀ràn Haeckel, kò sì sí ẹni tí ó tún ń béèrè ohun tí àwọn mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún nínú òkùnkùn. Àwọn òǹkọ̀wé kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé asán ni ìrìn àjò náà. Ọ̀rọ̀ wọn kù díẹ̀ káàtó. "Rárá" pẹ̀lú jẹ́ ìdáhùn. Bí "rárá" yìí bá ti jáde ní ọdún 1914 pẹ̀lú ìwé Seward, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń wo ẹnu Haeckel, yóò ti bá àríyànjiyàn lójú ọ̀nà, yóò sì ti là á. Ọdún ogún tí ó fi sùn nínú ìgò ni ó bà á jẹ́. Ẹyin náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Cherry-Garrard, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 27 nígbà tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ tí ó ń dúró de ìwé ẹ̀rí, ti di ẹni ọdún 48 nígbà tí ìròyìn Parsons jáde.